Jíjò, Kíkán, Sísun àti Fífà: Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Àyẹ̀wò Ẹ́ńjìnì ní Alímọ̀ṣọ́

Láti ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ti di iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti jókòó, ìwé sì ti jáde. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá, fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní irinṣẹ́ tí ó ṣì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́-ẹ̀rọ, ohun kan wà tí ó ń fẹ́ àtúnṣe. Orúkọ nǹkan ni wọ́n ń wá kiri. Ohun tí ó bá ti ní orúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni kí ó ní orúkọ ní Yorùbá, bí orúkọ náà tilẹ̀ gùn ju ohun tí ń jẹ́ ẹ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi tí agbára èdè Yorùbá wà gan-an, ni wọ́n pa tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé kò sí ìmọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí àléébù yìí ti hàn gbangba kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọgbà mẹkáníìkì ni. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, láti Ìkọ̀tún dé Ìgándò, ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe kò lóǹkà, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ibẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, kò kàn wọ́n. Nígbà tí ìjọba fagi lé e ní ọdún 2025, kò kàn wọ́n bákan náà. Ọmọ iṣẹ́ lè ti ìgbà tí ó wọ ọgbà títí di ọjọ́ tí yóò gba fírídọ́ọ̀mù kí ó má ṣí ìwé kan, síbẹ̀ yóò mọ inú ẹ́ńjìnì bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá ni èyí, kò sì dúró de ìwé ọ̀rọ̀-ìperí kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ kan bá wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, ohun tí awakọ̀ yóò sọ kò ju pé: ‘Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó o, ọkọ̀ yìí ń jò.’ Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í tíì gbé sípánà. Yóò kọ́kọ́ bèèrè pé: ‘Ṣé ó ń jò ni, àbí ó ń kán? Àbí ńṣe ni ó kàn ń sun?’ Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ń jò ní ojú ihò, bí òrùlé tàbí agbada. Ihò náà wà ní gbangba, ohun tí ó wà nínú sì ń jáde láìdúró. Họ́ọ̀sì rẹ́díétọ̀ tí ó ya ń jò. Ohun tí ń kán ń bọ́ ní ẹyọ ẹyọ, ààyè sì wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì. Nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ǹpù tí wọn kò dè le ni ó sábà máa ń mú ọ́ìlì kán. Ohun tí ń sun kò ní ihò tí ojú lè rí. Bí omi ṣe ń sun láti ara àpáta, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń sun láti ẹ̀gbẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó: ara irin kàn ń rin ni, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ó di dúdú, ẹyọ kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni fífà kù. Omi tí ó fà kò jáde sí ìta rárá. Ó dínkù ni, gẹ́gẹ́ bí odò ṣe ń fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó bá sì wo abẹ́ ọkọ̀ náà kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n nínú ìwé atọ́nà ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan yẹn sí ‘jíjò’, tí ó sì kọjá lọ, ti gba ohun mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kí ó tó fún un ní ẹyọ kan.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìyàtọ̀ owó. Jíjò, họ́ọ̀sì tuntun lè wò ó sàn. Kíkán, sípánà nìkan lè tó. Sísun, ọlọ́kọ̀ lè fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá ń yọ géèjì ọ́ìlì wò láràárọ̀. Ṣùgbọ́n fífà, orí ẹ́ńjìnì ni wọn yóò tú, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ‘ó ń jò’ níbi tí ó yẹ kí ó gbọ́ ‘ó ń fà’ yóò fún kílíìpù họ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ara, yóò bu omi kún inú rẹ́díétọ̀, yóò ní kí awakọ̀ máa lọ. Ẹ́ńjìnì náà lè nọ́ọ̀kù kí oṣù tó parí. Ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ọkọ̀ kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìdílé kan fi ń jẹun, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò péye lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́sẹ̀ lásán.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi ohun tí sísun lè ṣe hàn dáadáa. Ẹ̀rọ tí ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń pè ní wọ́tà pọ́ǹpù, ní ihò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Bí síìlì inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi yóò ti máa sun jáde, kí ó má baà wọ inú béárìn, kí ọlọ́kọ̀ sì lè tètè mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ ìdí ihò náà a máa rò pé àbùkù ni, a sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Ẹnu ẹlẹ́rìí ni ó dí yẹn. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ‘ojú ìsun’ ni orúkọ ibẹ̀, yóò ṣòro kí ó gbé gọ́ọ̀mù, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé wọn kì í dí ojú ìsun, ohun tí ó ń ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń wò.

Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ kò nira láti sọ ní Yorùbá. Wọn yóò fi ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnì náà mọ́, wọn yóò tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ìrìn ọkọ̀ a sì tún máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Nítorí náà ibi tí ó ga jù tí ó rin ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ibi tí ẹyọ ti ń bọ́. Ohun tí ó ta sí orí páálí ni yóò sọ ìyókù. Èyí tí ó jẹ́ bí oyin tàbí tí ó dúdú, tí ó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Èyí tí ó pupa lè jẹ́ ọ́ìlì gíà. Èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, ọsàn tàbí àwọ̀ mìíràn tí ó ń tàn, tí òórùn rẹ̀ sì dùn, kúláǹtì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan tirẹ̀. Èyí tí ó mọ́ lóló, tí kò ní òórùn, omi éésì ni. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, olè ni.

Títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ́ńjìnì ilẹ̀ olóoru ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń bẹ ní Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n. Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n ti rí yìnyín. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú títì lọ́hùn-ún kí yìnyín lè yọ́ ti jẹ abẹ́ wọn. Sọ́ǹpù ọ́ìlì tí ń sun ní Ìkọ̀tún lónìí lè jẹ́ èyí tí iyọ̀ ìlú mìíràn ti jẹ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ fún òtútù tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lókè òkun nílò ọ̀rọ̀ náà, bóyá ju àwọn ará ilé lọ. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù, ooru ibẹ̀ sì fara jọ ti Èkó fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù líle kan bo Texas mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní Houston, ó wálẹ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀ òdo ní òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréédì. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ mọ́ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn lójú káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ọ̀pá omi sì ń bẹ́ nínú ilé. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ó léwu fún ẹ́ńjìnì, nítorí ibi tí òtútù kò ti sábà dé ni ó rọrùn fún ènìyàn láti máa bu omi lásán sí rẹ́díétọ̀. Omi lásán a máa dì ní òdo. Bí ó bá sì dì, a wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agbára wíwú náà sì tó láti mú kí bíọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì sán. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ó lè má jò ní ọjọ́ náà, nítorí yìnyín fúnra rẹ̀ ni ó dí ojú ibi tí ó sán. Ìgbà tí oòrùn bá yọ, tí yìnyín sì yọ́, ni omi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dà. Àyẹ̀wò ẹ̀yìn òtútù yàtọ̀ sí ti àárín òtútù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. ‘Dì’ ni Yorùbá ń lò fún omi tí ó di yìnyín. Òun náà ni wọ́n ń lò fún epo pupa ní ìgbà ọyẹ́, fún ẹ̀kọ tí ó tutù nínú ewé, fún ẹ̀jẹ̀ lójú ọgbẹ́. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, epo wà lára èyí tí ojú ọmọ Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ jù. Epo tí ó dì nínú ìgò kì í wú. Súnkì ni ó máa ń súnkì, àárín rẹ̀ a sì jìn wọnú. Ìgò kì í fọ́. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé omi dì nínú ẹ́ńjìnì, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni nǹkan tí ó kàn le, tí yóò sì yọ́ padà láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fíríìsà rí nìkan ni yóò ṣiyèméjì. Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò ‘dì’. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí í ṣe ọrọ̀ èdè yìí, ti tó: kí ìwé ọ̀rọ̀-ìperí kọ ọ́ pé omi a máa ‘dì wú’, epo a máa ‘dì súnkì’. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ẹ̀kọ́ físíìsì odidi ọjọ́ kan sì wà nínú rẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀ a máa ki nínú òtútù, síìlì rọ́bà a gan, a súnkì díẹ̀, ọ́ìlì a sì rí ọ̀nà sun. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán, rọ́bà a rọ̀, sísun náà a dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ tí ń sun ní òwúrọ̀ nìkan kò parọ́ mọ́ mẹkáníìkì tí ó wò ó ní ọ̀sán tí kò rí nǹkan.

Lára bíọ́ọ̀kù ni àwọn ihò róbótó kan tún wà, tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n ń da irin náà sí ojú àpẹẹrẹ; ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbà kó iyanrìn inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi ìdérí irin pẹlẹbẹ dí i. Gẹ̀ẹ́sì fún ìdérí yìí ní orúkọ tí ó sọ pé nítorí omi dídì ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Orúkọ yẹn kò tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín a máa tì í jáde nígbà mìíràn. Ní Ìgándò, kò sí yìnyín tí yóò tì í. Omi kànga tí wọ́n ń bu sínú ẹ́ńjìnì láti ọdún dé ọdún ni ó ń mú un dógùn-ún láti inú wá, títí ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ yóò fi lu, tí ó bá ń jò ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì níbi tí ọwọ́ kò dé. Ìdérí kan náà ni ó kú ní Houston àti ní Ìgándò, omi lásán ni ó sì pa á ní ibi méjèèjì, ọ̀kan nípa wíwú, èkejì nípa ìdógùn-ún. Bí ìgbìmọ̀ bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bí ó ṣe wà, wọn yóò ti kó àṣìṣe ẹlòmíràn wọlé. ‘Ìdérí ihò bíọ́ọ̀kù’ ti tó.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí orúkọ tí ó léwu jù ní gbogbo ọgbà mẹkáníìkì, èyíinì ni ‘omi’. ‘Ṣé omi wà níbẹ̀?’ ‘Bu omi sí i.’ ‘Omi ń jò.’ Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ dé pẹ̀lú kúláǹtì inú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí họ́ọ̀sì bá ya, gbogbo rẹ̀ dà nù, omi kànga ni ó rọ́pò. Kúláǹtì kì í ṣe omi. Kẹ́míkà kan, ethylene glycol, ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ omi mímọ́ lọ́gbọọgba, pẹ̀lú àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Àdàlú náà kì í dì títí yóò fi dé nǹkan bí 37 ní ìsàlẹ̀ òdo, kì í sì í hó ní 100 bí omi. Ó tún jẹ́ májèlé, ó sì dùn lẹ́nu, èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọgbà tí ewúrẹ́ àti ọmọdé ń rìn kọjá máa rántí kí wọ́n tó dà á sílẹ̀.

Orúkọ wo ni kí ó jẹ́? Ìgbìmọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ọ́ ní ‘adènà-dídì’. Ìyẹn yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Omi kì í dì ní Ìgándò àfi nínú fíríìjì; ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní òyìnbó ni ó nílò rẹ̀, yóò sì padà sí ìdí kànga, a kò sì lè bá a wí, nítorí orúkọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. ‘Amútutù’ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán gan-an a máa gbé ooru ju àdàlú náà lọ. Bí ó bá jẹ́ ti títutù nìkan ni, ẹni tí ń bu omi kò jẹ̀bi. Ohun tí kúláǹtì ń ṣe fún ẹ́ńjìnì ní Alímọ̀ṣọ́ ni pé kì í jẹ́ kí ó dógùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí ó tètè hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí kò bá sí orúkọ tí yóò gbé gbogbo èyí, kí wọ́n fi ‘kúláǹtì’ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọjà Ládípọ̀. Àyálò tí kò parọ́ sàn ju àdápè tí ó ń ṣini lọ́nà.

Irú ìrònú kan náà ni ó ń yọ tẹ́mósítáàtì kúrò nínú ẹ́ńjìnì. ‘Ti ìlú òtútù ni,’ ni wọ́n máa ń sọ, wọn a sì sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ọ̀nà mọ́ omi títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó bí ó ti yẹ, ní nǹkan bí 82 sí 95, kí ó tó ṣí i sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò ní i a máa tutù jù ní òwúrọ̀, a sì máa jẹ epo. Nínú irúfẹ́ ẹ́ńjìnì kan, omi gbígbóná tilẹ̀ a máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láìdé rẹ́díétọ̀, kí ó tún wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbodè ni tẹ́mósítáàtì. Bóyá bí wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀, wọn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lé e. Àti pé ní ara agolo ọ́ìlì tí wọ́n ń tà ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́tà W kan wà láàárín nọ́ńbà méjì, tí ó dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó, ìgbà tí kò dé Alímọ̀ṣọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kà á láìsí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní èdè wọn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tí ó ń fẹ́ àmójútó ni ‘hó’. Ní ilé ìdáná, híhó ni ẹ̀rí pé omi gbóná dé òpin. Nínú rẹ́díétọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdérí rẹ́díétọ̀ ń ká agbára mọ́ inú rẹ̀, omi tí ó wà níbẹ̀ lè gbóná kọjá 100 kí ó má hó rárá. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ iṣẹ́ fi àkísà ṣí i nítorí pé kò gbọ́ híhó. Bí agbára náà bá ti jáde, gbogbo omi náà hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tú sí i lójú. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ kò ju gbólóhùn kan lọ: omi tí kò hó lè gbóná ju omi tí ó ń hó. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn, ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ní ti fífà, òun ni ó ṣòro jù láti rí. Gírámà tilẹ̀ ń ran mẹkáníìkì lọ́wọ́ níbẹ̀. ‘Ọ́ìlì ń fà’ kò ní àbọ̀; ohun tí ojú rí lára géèjì nìkan ni ó sọ. ‘Ẹ́ńjìnì ń fa ọ́ìlì’ ní olùwà àti àbọ̀. Ó ti tọ́ka sí ọ̀daràn. Láti inú gbólóhùn kìíní bọ́ sí èkejì ni gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò wà, èéfín sàlẹ́ńsà sì ni ó sábà máa ń là á já. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, ọ́ìlì ni ó ń jó. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì dùn, kúláǹtì ti ń wọ inú sílíńdà nìyẹn, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí ọ́ìlì tí abẹ́ rẹ̀ sì dà bí tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí, omi ti bá ọ́ìlì pàdé. Ṣùgbọ́n òtútù tún yí èyí padà: ní ìlú òtútù, ọkọ̀ tí kò rin ìrìn jíjìn a máa ní ìfòfó díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní abẹ́ ìdérí, láti inú ìrì tí ó sẹ̀ sí ara irin, láìsí pé gáskẹ́ẹ̀tì kankan jó. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Houston, tí ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì àtijọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, lè gba ìdájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnì tí ara rẹ̀ le koko. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò bóyá kúláǹtì fà. Bí kò bá fà, ìrì ni.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè ọgbà mẹkáníìkì kò mọ́, pé àdàlù ni, pé kò yẹ kí ìwé yunifásítì gba inú rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tẹ́tí sí gbólóhùn kan péré láti ẹnu ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́: ‘Tú nọ́ọ̀tì yẹn, yọ họ́ọ̀sì, fọn ọ́n, nù ún, dá a padà, dè é le.’ Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni ó wà níbẹ̀, méjèèjì ni wọ́n yá. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ kò sí èyí tí kì í ṣe ti Yorùbá. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà ti pín èdè wọn láìjókòó ní ìpàdé kankan: wọ́n yá orúkọ ohun tí wọ́n yá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Èdè tí ó gba àlàáfíà àti àlùbọ́sà mọ́ra kò ní kú nítorí gáskẹ́ẹ̀tì. Àtakò tí ó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti ẹ̀ka-èdè. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Ọ̀yọ́ ni ó kún ibẹ̀, ohun tí ẹnìkan ń pè ní sísun, ẹlòmíràn lè ní rírin ni. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ náà fi yẹ ní yunifásítì: kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì fi ara irin tí wọ́n ń tọ́ka sí hàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì bá ti jó, afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà a máa wọ inú rẹ́díétọ̀. Bí wọ́n bá ṣí rẹ́díétọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, tí wọ́n sì wá ṣáná sí i, wọn yóò rí omi tí ń yọ ìfòfó wálẹ̀ sókè láìsí ooru kankan nínú rẹ̀. ‘Ó ń hó’ ni awakọ̀ yóò sọ, kò sì hó, nítorí ọwọ́ ṣì gbà á. ‘Ó ń ru’ sún mọ́ ọn. ‘Ó ń mí’ lè sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí atẹ́gùn ni ó ń jáde lóòótọ́. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí, kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ bèèrè ní Ẹ̀gbẹ́dá.